Ìdúpẹ́ Lórí Àga Láńre

Al Khan, Sharjah
Ọjọ́ Ajé

Morẹ́nikẹ́, Àṣàkẹ́ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà ni o wà. Mo rí ọ lánàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ yá gágá, o sì ń jó. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Láti àná ni o ti ń pè mí, tí mi ò gbé e. Kì í ṣe pé fóònù mi kú. Mo rí orúkọ rẹ, mo sì dojú fóònù náà bolẹ̀. Bí mo bá gbé e, igbe ni n ó ké, ìwọ náà á sì sọ pé, "Mummy, calm down." Gbólóhùn yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún lẹ́tà pé kó calm down.

O ti kó lọ sí Karama ní Dubai, o ti gba ipò tuntun, ó yẹ kí ìyá gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn ń bọ̀. Ìbínú ni yóò kọ́kọ́ dé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lánàá, kí o lè mọ̀ pé mo rí i. Pásítọ̀ ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde síwájú. O gba maikirofóònù. O ní àga kan wà níbi iṣẹ́ yín tí Ọlọ́run ti kọ orúkọ rẹ sí lára tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó lé e, Ọlọ́run sì ti gbé ẹni náà kúrò. O ní, "God don remove am! E don carry him load go!" Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Àwọn kan tilẹ̀ fò sókè. O wá yíjú sí mi pé kí n jáde wá bá ọ jó lọ síwájú pẹpẹ, mo sì jókòó mọ́ àga mi bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn.

Morẹ́nikẹ́, ẹni tí Ọlọ́run gbé kúrò náà wà lẹ́yìn mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Láńre wà níbẹ̀. Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé ọmọ wọn lé ẹsẹ̀. Nígbà tí o ń sọ̀rọ̀, mo yíjú wò wọ́n. Láńre ń pàtẹ́wọ́. Fún ìwọ ni ó ń pàtẹ́wọ́ o. Bùkọ́lá ni kò pa á. Ó tẹ orí ba, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà sókè, bẹ́ẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ náà kò yọ. Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ wa náà ni. Àwa ará Nàìjíríà tí a wà nílùú onílùú, a fẹ́ràn àdúrà yẹn: "Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga mi, kó dìde kíákíá!" A ń gbà á, a ń gbọn orí, a ò sì ronú rẹ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ń jókòó sórí àga. Ní ilẹ̀ yìí, visa ènìyàn wà lórí àga yẹn. Ilé rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lé e dìde, Emirates ID rẹ̀ á di ike lásán. O mọ èyí, ìwọ tí a jọ la ẹnu sílẹ̀ de visa rẹ ní àkọ́kọ́.

Ta sì ni Láńre? Ó dà bíi pé o ti gbàgbé. Láńre ni ẹni tó mú ìwé rẹ lọ bá ọ̀gá yín, tó ní, "Sir, this one is my sister, she is sharp." Láńre ni ẹni tó ń dúró nísàlẹ̀ ilé wa láàárọ̀ pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀, kí ọmọ mi má baà máa bá wọn du bọ́ọ̀sì Dubai. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ohun èlò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń fa oògùn ní ẹ̀kán kíún. Nígbà tí o da iṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan nù, òun ló sọ fún ọ̀gá pé òun ni òun dà á nù. Bọ̀dá Láńre ni o ń pè é. Lánàá, ó di "him load".

Mi ò kàwé tó ọ. N kò ní ṣe bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yín. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, ìdí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí ni o jókòó sí tí o fi ń ṣàlàyé. O ní nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ohun kan wà tí ń rún prótíìnì tó ti gbó tàbí tó ti bàjẹ́. Kì í ṣàdédé rún un. Ó dìgbà tí ẹnì kan bá fi àmì sí i lára pé èyí ti tó rún. O ní prótíìnì burúkú kan wà tí ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi àmì sí i lára. Oògùn tí ẹ ń wá ni èyí tí yóò ṣe alárinà: á fi ọwọ́ kan mú prótíìnì burúkú náà, á fi ọwọ́ kejì mú ẹni tí ń fi àmì síni lára, á jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Tí àmì bá ti wà lára rẹ̀, ara á rún un fúnra rẹ̀. Mo ní, "Oògùn náà kò wá bá ẹnikẹ́ni jà?" O rẹ́rìn-ín, o ní, "Rárá o, Màmi. Alárinà lásán ni. Tó bá ti so àwọn kan pọ̀ tán, á tún lọ so àwọn míì." Inú mi dùn. Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ tí mi ò ròyìn alárinà yìí fún.

O ní ilé iṣẹ́ yín kì í ṣe oògùn náà gan-an, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá a ni ẹ ń ṣe, kí ẹ lè tà á fún àwọn tí ń ṣe oògùn. Ẹ ti so ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tín mọ́ prótíìnì burúkú náà. Ẹ ó da oríṣiríṣi oògùn sínú àwo oníhò wẹ́wẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ kú, prótíìnì ti lọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà á sì mú oògùn ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni o gbé ìka sókè, o ní, "Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó léwu, Màmi. Bíi ti kandura yẹn gan-an ni."

Ìtàn kandura yẹn, o ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó jọ pé ẹ̀rín nìkan ni o mú níbẹ̀. Nígbà tí ọjà ilé wó lulẹ̀ ní Dubai, tí àwọn òyìnbó ń fi mọ́tò wọn sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń sá lọ, bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan péré nínú yàrá ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni mo ń gbé ní International City, mo sì ń ṣiṣẹ́ lọ́ńdìrì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lé ènìyàn. Wọ́n gbé kandura ọkùnrin kan wá, aṣọ funfun gígùn tí àwọn ará ibí ń wọ̀. Kọfí ti ta sí i lẹ́yìn. Torí kí wọ́n má baà lé mi, mo fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ mi yá. Mo da bílíìṣì lé e lórí láì fi omi là á. Àbàwọ́n náà lọ ráúráú. Ọ̀gá lọ́ńdìrì ní, "Very good, Mama, very good!" Orí mi wú. Ọkùnrin náà dé, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè kó tún filà rẹ̀ ṣe, aṣọ náà sì ya láti èjìká dé ìbàdí níwájú gbogbo ènìyàn. Àbàwọ́n lọ lóòótọ́, aṣọ náà ni ó bá a lọ.

Ìwọ fúnra rẹ lo fi ṣàlàyé fún mi. O ní bí oògùn kan bá jẹ́ májèlé, á pa sẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ á kú, irinṣẹ́ yín á sì ní very good. Nítorí náà ni Láńre ṣe kọ́ gbogbo yín ní ìdánwò kan. Ẹ ó kọ́kọ́ dí ẹnu ohun tí ń rún prótíìnì. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti dí, oògùn tó jẹ́ alárinà lóòótọ́ kò ní rí nǹkan ṣe, ìmọ́lẹ̀ á dúró. Tí ìmọ́lẹ̀ bá tún kú, aṣọ ló ń ya nìyẹn. O ní ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yẹn kò tíì rí nǹkan kan. O sọ bẹ́ẹ̀, Morẹ́nikẹ́. O tilẹ̀ lu tábìlì.

Láńre ṣe ìdánwò yẹn fún oògùn tí irinṣẹ́ yín mú jáde, èyí tí ọ̀gá yín ń fi yangàn káàkiri. Ìmọ́lẹ̀ kú. Ó tún un ṣe, ó tún kú. Ó lọ sọ fún ọ̀gá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí ni ìgbà tí owó irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wó kárí ayé, tí àwọn olówó káwọ́ sẹ́yìn, tó jẹ́ pé ikọ̀ olówó kan péré ló kù tó fẹ́ wá wò yín ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Ọ̀gá ní kó yọ ìdánwò náà kúrò nínú ohun tí ẹ máa fi hàn wọ́n. Láńre ní òun ò lè yọ ọ́. Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Wọ́n pè é wọlé, wọ́n ní, "Khalas, Lanre. Restructuring." Pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, wọ́n ń tún ilé iṣẹ́ tò. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fi àga rẹ̀ fún ọ, wọ́n ní ìwọ ni yóò dúró níwájú àwọn àlejò náà.

Ìwọ náà lo sọ èyí fún mi lórí fóònù. O ní, "Mummy, Bọ̀dá Láńre too dey do holy-holy jàre. Slide kan péré la fẹ́ yọ. Tí funding yẹn bá wọlé, a máa tún test yẹn ṣe later." Mo ní kí o lọ sinmi lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pé kó tó di Sọ́ńdè ojú rẹ á ti là. Sọ́ńdè dé, o gba maikirofóònù.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn wá dé.

Èkíní. Má sọ ohun tí o mọ̀ di ohun tí o kò mọ̀. Èmi tí mo da bílíìṣì sí aṣọ onílẹ̀, àìmọ̀ ló ṣe mí, aṣọ lásán ni mo sì bàjẹ́. Ìwọ mọ̀. Ṣé o rántí ìtàn oògùn àtijọ́ kan tí o sọ fún mi, èyí tí wọ́n fún àwọn aláboyún nítorí èébì, tí wọ́n wá ń bí ọmọ tí apá wọn kò hù tán? O ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé alárinà ni oògùn yẹn náà, pé prótíìnì tí ọmọ inú nílò ló ń mú lọ fún rírún. Omi bọ́ lójú rẹ bí o ti ń sọ ọ́. O ní ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín kò fi gba ìkánjú. Ta ló wá gba omijé yẹn lójú rẹ? Irinṣẹ́ ni ẹ ń tà. Bí ẹ bá ta òṣùwọ̀n èké fún ènìyàn, gbogbo ohun tó bá fi wọ̀n ni yóò jẹ́ èké, ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́ rí ni yóò sì gbé e mì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Èkejì. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lẹ́yìn kandura yẹn, wọn kò lé mi, ẹnu yà mí. Wọ́n lé àwọn tó ga jù mí lọ nítorí owó oṣù wọn pọ̀, wọ́n wá fi báàjì súpáfáísọ̀ kọ́ mi láyà. Mo ya fọ́tò. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ní, "You are family now, Mama." Iṣẹ́ àwọn tí wọ́n lé lọ ni mo ń ṣe, owó oṣù ti tẹ́lẹ̀ ni mo ń gbà. Nígbà tí ìlú gbérí padà, wọ́n mú súpáfáísọ̀ tuntun wá láti ìta, wọ́n ní kí n bọ́ báàjì sílẹ̀ kí n padà sídìí omi. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ń pè ọ́ ní family, lọ tún contract rẹ kà. Wọn kò fún ọ ní àga yẹn torí pé o mọ iṣẹ́. Láńre mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Wọ́n fún ọ torí wọ́n rò pé o máa dákẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan wo ọmọ mi láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n lè fi àga rà á.

Mo gbàgbé: má máa fi tíì karak oníwàrà yẹn ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ṣì ni mí. Àwọn ilé oúnjẹ Karama yẹn náà, má sọ wọ́n di ilé ìdáná rẹ. Mo ti di ẹ̀wà àti ata díndín sínú fìríìsà fún ọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ sílẹ̀. Mi ò kó o jáde.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí o máa fẹ́ bá mi jiyàn sí. O ní bí owó yẹn kò bá dé, gbogbo yín lẹ máa lọ sílé. Mo gbọ́. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ pé bí o bá sọ òótọ́, òkè á ṣí, ọ̀gá á sì gbá ọ mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé ọ kí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó pọ́n. Ó ṣeé ṣe kí visa rẹ lọ, kí a jọ kó ẹrù rẹ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. N ó sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ṣé irọ́ yẹn máa bọ́ wọn títí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ tó bá bá a, orúkọ ta ni yóò wà lára ohun tí ẹ fi hàn wọ́n? Ọ̀gá yín kọ́. Orúkọ rẹ ni. Orúkọ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ kó tó kú, tí èmi náà fi ń jẹ́ ẹni ire nínú ìlú yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, fi ìdánwò yẹn síbi tó yẹ kó wà, kí o sì sọ pé Láńre ló ṣe é. Lẹ́yìn náà, lọ kúnlẹ̀ fún Bùkọ́lá. Má mú Pásítọ̀ dání, má gba maikirofóònù, má sọ ọ́ di ẹ̀rí. Kúnlẹ̀ kí o sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí o bá ń bọ̀ nílé, kọ́kọ́ pè mí, torí yàrá rẹ kò ṣófo mọ́. Ilé tí Láńre ń gbé, ilé iṣẹ́ yín ló gbà á fún un, wọ́n sì ti ní kó kó jáde. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo rọ̀ mọ́ Bùkọ́lá lẹ́yìn ìsìn títí ó fi sọ ọ́, mo sì kó wọn wá síhìn-ín. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni wọ́n sùn. Ọmọ wọn ti tọ̀ sí i.

Láàárọ̀ yìí mo gbé tíì síwájú Láńre. Mi ò dárúkọ rẹ. Òun ló dá a sílẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ máa rántí Rẹ́nikẹ́ nínú àdúrà o. Thursday yẹn ò ní easy fún un rárá." Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Wọ́n máa ní kó yọ test yẹn kúrò. Wọ́n máa pressure ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kò ní yọ ọ́, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo mọ̀ ọ́n."

Mo kàn ń da ṣúgà sínú tíì rẹ̀ títí ó fi ní, "Mummy, ó ti tó." Kí ni kí n wí fún ọkùnrin yẹn, Àṣàkẹ́? Mi ò tíì dá a lóhùn. Ìwọ ni yóò bá mi dá a lóhùn ní Ọjọ́bọ̀.

Ìyá rẹ ni mí. Inú ṣì ń bí mi.